Òjá Ọmọ Tí Mo Gé Nítorí Ọkọ̀ Dúdú

Aṣọ tí mo gé kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Òun ló tú ilé ẹ̀gbọ́n mi ká.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí ó ṣe rí. N kò ní bu iyọ̀ sí i kí ó lè dùn létí, n kò sì ní gba ara mi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bú mi, kí ó kà á tán ná.

Ọdún Fẹ́sítáàkì ni, 1977. Ìlú Ìfọ̀ ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkùn lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ògúnkànmí. Mo ti lo ọdún márùn-ún, ó sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí n gba òmìnira. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Yínúsà tí ó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ni mo ń gbé.

Ìyàwó méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ní. Àǹtí Kúlúsúmù ni ìyáálé. Ọmọdé ni mí nígbà tí ó wọlé, oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ ni mo jẹ dàgbà. Ọdún mẹ́wàá ni ó fi wojú Ọlọ́run kí ó tó bí Mùtàlíbù, tí kò tíì pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí mò ń wí yìí. Sùwéébátù ni ìyàwó kékeré. Òun ti bí ọmọbìnrin kan, Hàfísátù, ọmọ ọdún mẹ́rin.

Mo ti wà nínú ilé kí Sùwéébátù tó dé, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún méjì jù mí lọ. "Ọ̀gá Kékeré" ni ó ń pè mí. Orí ìkúnlẹ̀ ni ó fi ń kí mi láàárọ̀, èmi náà a sì máa wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi.

Ọ̀gá mi kì í dá ọmọṣẹ́ sílẹ̀ láìdán an wò, kì í sì í ṣe ọ̀dà fífín ni ó fi ń dán wa wò. Ó ní bí wọ́n bá gbé ìbọn ọ̀dà lé ọ̀bọ lọ́wọ́, ọ̀bọ á fín in. Wáàsì ni tirẹ̀, ìda inú agolo tí a ń fi pa ara ọkọ̀ lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ, kí òjò àti oòrùn má baà tètè bà á jẹ́.

"Wáàsì kò níṣòro," ni ó máa ń sọ. "Ohun tí o bá fi pa á ni ìṣòro."

Òṣùká ni a ń pe ohun tí a fi ń pa á ní ṣọ́ọ̀bù wa: òwú díẹ̀ nínú, aṣọ lóde, a ó wé e róbótó, a ó so ó nídìí. Bí aṣọ yẹn kò bá dára, gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wọ́n ti gbé ọkọ̀ Mẹ̀sídíìsì dúdú kan wá láti Èkó kí a kùn ún. Ní ọjọ́ Ajé kan, a kùn ún tán, ó ń dán bí ojú omi kànga. Ọ̀gá pè mí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Sàlísù, o rí ọkọ̀ yìí?"

"Mo rí i, sà."

"Ọkọ̀ dúdú kì í bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wàá fi wáàsì pa á. Fúnra rẹ ni wàá wá aṣọ òṣùká rẹ. Mi ò ní fún ọ, o ò sì gbọdọ̀ yá ti ẹnikẹ́ni níbí. Bí mo bá rí ilà kan ṣoṣo lára rẹ̀, bó tilẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí, ọdún kan sí i lo máa lò."

"Ọdún kan, sà?"

"Ṣé etí rẹ ti di ni?"

Ọdún kan! Bùọ̀dá mi ti ń sọ káàkiri rélùwéè pé àbúrò òun fẹ́ gba òmìnira. Ó ti bá mi wá àyè ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ dúdú kan tí ó ti jábọ́ fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù wa, ara rẹ̀ ni a ti ń dán nǹkan wò. Mo kọ́kọ́ gé fóòmù tìmùtìmù. Ó mu gbogbo wáàsì sínú, ó wá fi ilà yíká-yíká sílẹ̀. Mo mú aṣọ ìnura. Irun ara rẹ̀ ń jábọ́ sínú wáàsì. Mo lo aṣọ tuntun tí mo rà lọ́jà, kàkà kí ó sàn, ńṣe ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń ha ọ̀dà bí èékánná ológbò.

Ohun tí mò ń wá yé mi dáadáa. Aṣọ òwú látòkèdélẹ̀, tí ó ti gbó, tí wọ́n ti fọ̀ títí tí kò fi sí líle kankan lára rẹ̀ mọ́, tí kò ní bọ́tìnì, tí kò ní ojú rírán láàárín. Ẹ lọ wá irú rẹ̀ nínú ilé yín kí ẹ wò ó bó ṣe pọ̀ tó.

Nígbà tí ó di ọ̀sán Ọjọ́rú, mo sáré wálé. Sùwéébátù nìkan ni mo bá, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyàwó, ṣé o ní aṣọ tó gbó, tó rọ̀?"

Kò tilẹ̀ béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó dìde, ó wọlé, ó mú bùbá kan jáde. "Ẹ máa mú un, Ọ̀gá Kékeré. Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́."

Mo fi bùbá náà pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Náílọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀. Á ha ọkọ̀."

Ẹ̀rín pa á. "Ṣé ọkọ̀ ni àbí ọmọ tuntun? Bó bá jẹ́ rírọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ ń wá, àfi òjá ìyáálé mi."

Eré ló ń ṣe. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà ni ó gbé garawa rẹ̀, ó mú Hàfísátù lọ́wọ́, ó ní òun ń lọ pọn omi.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sórí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Òjá náà wà níbẹ̀, funfun, ó gùn gbọọrọ. Ìyá Àǹtí Kúlúsúmù ni ó fi pọ̀n ọ́n nígbà tí òun alára wà lọ́mọ ọwọ́, tí ó fi pọ̀n àwọn àbúrò rẹ̀, tí ó sì gbé e fún un lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Mùtàlíbù lórúkọ. Fọ́nrán òwú aláwọ̀ aró mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí etí rẹ̀ méjèèjì. Mo fọwọ́ bà á. Áà, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó rọ̀ débi pé ọwọ́ mi kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò béèrè. Mo mọ èsì tí màá gbọ́ ni. Àǹtí Kúlúsúmù kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun fọ òjá yẹn pàápàá.

Ẹ ó tún bi mí bóyá n kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé bí wọ́n bá bá etí aṣọ ènìyàn ní gígé, ọ̀tá ni wọ́n máa ń wá? Wọ́n á ní ẹnì kan ti mú un lọ síbi tí wọn kò fẹ́ kí a mẹ́nu bà. Bí ó bá wá jẹ́ òjá ọmọ, òjá ọmọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá tọrọ, ọ̀rọ̀ ti kọjá eré.

Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọdún kan tí ọ̀gá mi fẹ́ fi kún un ni ó dúró síwájú mi, kò jẹ́ kí n rí nǹkan mìíràn.

"Ó gùn jù," ni mo sọ fún ara mi. "Kò ní mọ̀."

Sísọ́ọ̀sì wà nínú àpò mi. Mo gé e.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo wé òṣùká mi. Apá ibi tí fọ́nrán aláwọ̀ aró wà, mo ká a sínú mọ́ òwú kí ó má baà kan ọ̀dà. N kò jù ú nù nítorí pé n kò rí ibi tí mo lè jù ú sí tí ẹlòmíràn kò ní rí i. Mo rò pé inú òṣùká ni ibi tí ó pa mọ́ jù lọ láyé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti Mẹ̀sídíìsì náà sábẹ́ igi máńgòrò kí ara rẹ̀ lè tutù. Mo fi òṣùká mi tọ́ wáàsì, mo ń pa á ní kékeré-kékeré láti orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn. Ó ń yọ̀ lọ ni. Nígbà tí ó gbẹ tí ó funfun, mo nù ún kúrò, mo sì rí àwọn ewé máńgòrò nínú ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó wo ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí ilà kankan.

"Fún mi ní òṣùká yẹn."

Ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Níbo lo ti rí irú aṣọ báyìí?"

"Nílé ni, sà. Aṣọ àgbà kan ni."

"Wọ́n fún ọ?"

"Wọ́n fún mi, sà."

Ó rín ẹ̀rín músẹ́, ohun tí kì í sábà ṣe. Ó ṣí àpótí irin rẹ̀, ó gbé òṣùká náà sínú, ó tì í pa. Ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà.

"Ó di ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù rẹ," ni ó wí. "Níwájú àwọn ẹbí rẹ ni n ó ti tú u."

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe fún gbogbo ọmọṣẹ́! Á tú òṣùká tí wọ́n fi dán an wò, á sì fi aṣọ inú rẹ̀ yí àwọn ẹbí ká kí oníkálukú lè fi ọwọ́ bà á. Ó ní aṣọ tí ọmọ bá yàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìwà rẹ̀ hàn wọ́n. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ orí mi kò gbé e wá nígbà tí sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi.

Bí mo ṣe ń súnmọ́ ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ohùn Àǹtí Kúlúsúmù.

"Ta ló gé òjá ọmọ mi? Ta ni mo ṣẹ̀ nínú ilé yìí?"

Ó fẹ́ pọn ọmọ ni, òjá kò wá yí i ká dáadáa mọ́. Bùọ̀dá mi ń rọ̀ ọ́. "Bóyá eku ni."

"Eku tó ní sísọ́ọ̀sì, Bàbá Mùtàlíbù? Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n gé!"

Sùwéébátù ń bá a wá a kiri lórí ilẹ̀, ó ń ṣí gbogbo agbọ̀n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni ó yẹ kí n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìbínú ọjọ́ kan ni ì bá jẹ́. Mo ní kí ó tutù díẹ̀ ná.

Kò tutù. Ní ọjọ́ Sátidé, ara Mùtàlíbù gbóná bí ààrò.

Bùọ̀dá gbé e lọ sí dìsìpẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì ní ibà lásán ni, ó fún un ní abẹ́rẹ́ àti oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ti nọ́ọ̀sì nínú ilé tí wọ́n ti gé òjá ọmọ? Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn àgbà ilé pé sí yàrá ìgbàlejò.

Àǹtí Kúlúsúmù kò yí ọ̀rọ̀ po. "Mo sá òjá sórí okùn lọ́jọ́rú, mo lọ sọ́jà. Ìyá Hàfísátù ni mo fi sílé. Ọmọ mi kan ṣoṣo nìyí. Ẹ bá mi bi í léèrè ibi tó mú un lọ."

Sùwéébátù kúnlẹ̀ láàárín wa. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n nígbà náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Ọ̀gá Kékeré. Wọ́n wálé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń wá aṣọ tó rọ̀ tí wọ́n máa fi pa wáàsì ọkọ̀. Mi ò sọ pé àwọn ni o, àmọ́ ẹ bá mi bi wọ́n."

Gbogbo ojú yí sí mi.

"Sàlísù," ni Bùọ̀dá wí, "ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ gbọ́ bí irọ́ ṣe ń jáde lẹ́nu ẹni tí ẹ̀rù bá mú. "Mo wálé lóòótọ́, Bùọ̀dá. Ìyàwó fún mi ní bùbá kan, kò dára, mo sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tí ọ̀gá mi fún mi ni mo lò."

"O ò fọwọ́ kan òjá?"

"Wàláì, n kò fọwọ́ kàn án."

Bàbá àgbà kan bú sẹ́rìn-ín lápá kan. "Kí èèyàn gé òjá ọmọ láti fi pa ọkọ̀? Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Obìnrin yìí ń wá ẹni tó máa dì í rù ni."

Bùọ̀dá mi wá sọ ọ̀rọ̀ tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. "Èmi ni mo tọ́ ọmọ yìí. Kì í purọ́ fún mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣí i? Bí mo bá sọ òótọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́? Wọ́n á ní mo gé òjá ọmọ fi ṣe oògùn owó, wọ́n á ní wáàsì ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá àgbà ti fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín tán kí n tó sọ ọ́.

Sùwéébátù bá mi lẹ́yìnkùlé. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú.

"Ọ̀gá Kékeré, ẹ wo ojú mi. Ẹ̀yin kọ́ ni?"

"Ìyàwó, dìde."

"Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní bínú. Èmi náà á bá yín bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fẹ́ lé mi lọ, Ọ̀gá Kékeré."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ó tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Bùọ̀dá ní kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Mowé ná, títí ara ọmọ yóò fi balẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàfù kan, ó mú Hàfísátù dání. Ọmọ náà ń juwọ́ sí mi títí wọ́n fi kọ igun.

Ẹ wá wò ó bí ayé ṣe ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ kejì tí ó lọ ni ibà Mùtàlíbù lọ. Oògùn ọjọ́ mẹ́ta ti pé, ó sì ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé ní, "Ẹ rí i? Ẹ ò rí i bí?" Èmi náà mi orí.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀gá bá ṣí àpótí irin láti mú irinṣẹ́, màá yọjú wo òṣùká náà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo fi ọgbọ́n bá a sọ ọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fọ òṣùká yẹn, kó lè mọ́ kí wọ́n tó rí i."

"Ta ló ń fọ ẹ̀rí? Bó ṣe wà ni wọ́n máa rí i."

"Ó kàn jẹ́ pé wáàsì ti gbẹ mọ́ ọn, sà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́ lórí aṣọ yìí?"

"Kò sí nǹkan kan, sà."

Mo gbọ́ pé àwọn tí ń la títì tuntun láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ń gba òṣìṣẹ́ ní Ìbafò. Mo kó aṣọ mi sínú báàgì, ó di gárééjì. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti pàdé Bùọ̀dá, ó ń ti ọ̀dọ̀ télọ̀ bọ̀. Ó gbé dàǹṣíkí tuntun kan sókè fún mi láti wò.

"Fún ọjọ́ rẹ ni," ni ó wí, eyín rẹ̀ kò bò. "Wá, jẹ́ ká wò ó bóyá ó bá ọ mu. Kí ló wà nínú báàgì?"

"Aṣọ iṣẹ́ ni, Bùọ̀dá. Mo fẹ́ lọ fọ̀ wọ́n."

Mo bá a padà sílé. Ẹ sọ fún mi, ibo ni mo tún fẹ́ sá lọ?

Ọjọ́ Àìkú ni òmìnira mi. Wọ́n to ìjókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n kó irinṣẹ́ mi lé e. Àwọn ẹbí mi kún ọwọ́ ọ̀tún. Àǹtí Kúlúsúmù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bùọ̀dá, ó pọn Mùtàlíbù sẹ́yìn. Òjá yẹn ni ó fi pọ̀n ọ́n. Ó ti wá aṣọ mìíràn rán mọ́ etí rẹ̀ kí ó lè tó.

Ọ̀gá dìde, ìwé ẹ̀rí mi wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó yìn mí. Ẹ̀yin èèyàn, ìyìn yẹn dùn mí ju ẹgba lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí àpótí.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni ó wí, "mi ò rí ọmọṣẹ́ tó wá aṣọ tó dára tó báyìí rí. Ẹ fọwọ́ bà á kí ẹ rí i."

Ó já okùn ìdí òṣùká náà. Òwú jábọ́ sílẹ̀. Ó na aṣọ náà sí Bùọ̀dá mi, Bùọ̀dá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó mi orí, ó sì gbé e fún Àǹtí Kúlúsúmù.

Àǹtí Kúlúsúmù ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbà á. Ó fi ìka rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìka náà dúró. Ó tú apá tí mo ká sínú, ó sì rí fọ́nrán aláwọ̀ aró mẹ́ta.

Kò pariwo. Ó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ òjá sórí itan. Ó yí aṣọ tí ó rán mọ́ ọn sẹ́yìn, ó gbé àgékù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n gé. Wọ́n bára mu bí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀.

"Bàbá Mùtàlíbù," ni ó wí, "ẹ wá wo nǹkan."

Mo ń gbọ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń fọn fèrè ní ọ̀nà jíjìn.

"Sàlísù," ni Bùọ̀dá wí, "níbo lo ti rí aṣọ yìí?"

"Lórí okùn, Bùọ̀dá."

"Okùn wo?"

"Okùn ilé wa."

Bàbá àgbà yẹn fò dìde, ó ní oògùn owó ni, ó ní kí wọ́n dì mí mú. Àǹtí Kúlúsúmù ni ó dá a lóhùn. Ó gbé àgékù náà sí imú. "Oògùn wo? Òórùn wáàsì nìkan ló ń rùn. Ọkọ̀ ló fi pa lóòótọ́." Ẹkún wá gbé e. "Ó sọ ọ́! Sùwéébátù sọ ọ́ lójú gbogbo wa, mo sì lé e!"

Bùọ̀dá kò lù mí. Ì bá sàn kí ó lù mí. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí ó gbàgbé ibi tí ó ti mọ̀ mí.

Ọ̀gá Ògúnkànmí ká ìwé ẹ̀rí mi, ó tì í bọ àpò. "Ọwọ́ rẹ ti gba òmìnira," ni ó wí. "Ìwọ fúnra rẹ kò tíì gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ sílé."

Ní ọjọ́ kejì, Bùọ̀dá pè mí. Kò jẹ́ kí n jókòó. "Ìwọ lo lé ìyàwó mi. Ìwọ ni wàá lọ mú un wá."

Mo wọ ọkọ̀ méjì, mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ní Mowé, katakata ń hú ilẹ̀ fún títì tuntun, eruku pupa bo gbogbo ewé ẹ̀bá ọ̀nà. Mo bá Sùwéébátù ní àgbàlá bàbá rẹ̀, ó ń fẹ́ ìrẹsì. Hàfísátù sùn sórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó rí mi, ó gbé atẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá Kékeré. Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé? Ara ọmọ ńkọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìyàngbò. Ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó ilé, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un láìfo ọ̀kan. Mo ní Bùọ̀dá ń bẹ̀ ẹ́, mo ní Àǹtí Kúlúsúmù ti gbá yàrá rẹ̀ dè é, ó ń sunkún.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni," ni ó wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti wo ojú yín lẹ́yìnkùlé."

"Kí ló dé tí o ò tún sọ ọ́?"

"Mo ti sọ ọ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Ẹ̀yin lẹ fi Ọlọ́run búra pé irọ́ ni."

Mo gbé ojú mi sínú ìyàngbò.

"Ọdún mẹ́fà ni mo lò nínú ilé yẹn," ni ó wí. "Ọwọ́ mi ni gbogbo yín ti ń jẹun. Nígbà tí wọ́n ní mo fẹ́ pa ọmọ, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ní Sùwéébátù kò lè ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo. Bùọ̀dá yín gbé ojú sílẹ̀, wọ́n ní kí n lọ. Ẹ bá mi kí wọn. Hàfísátù ọmọ wọn ni, kí wọ́n máa wá wò ó nígbà tó bá wù wọ́n. Èmi ò padà."

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí oòrùn fi yí. Bàbá rẹ̀ jáde, ó wò wá, ó sì padà wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ní òótọ́ kan lẹ́nu tí ó lè gba ẹlòmíràn sílẹ̀, ẹ má dúró kí ó tutù. Òótọ́ tí mo gbé lọ sí Mowé, òótọ́ náà ni. Ó kàn pẹ́ ju bí ó ṣe yẹ lọ ni.

Níkẹyìn, Sùwéébátù gbọn ìyàngbò kúrò lára ìró rẹ̀. Ó dìde dúró lórí mi níbi tí mo ṣì dọ̀bálẹ̀ sí.

"Sàlísù," ni ó wí, "dìde nílẹ̀, kó o máa lọ."

Ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí ó fi jẹ́ ìyàwó ilé wa, kò pe orúkọ mi rí.